Eku Tí Kì Í Gba Aya Ẹlòmíràn

Nígbà tí Àbíkẹ́ ṣí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ ní ìlú Sanguéra láàárọ̀, fìrísà ti ṣófo. Ọpọlọ eku tó ti ń kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ti lọ, àwọn eku ààyè pàápàá kò sí nínú àgò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Irú eku yìí, bó bá ti mú aya kan, ó parí. Jíìnì, èròjà àbímọ́ tó ń jí nínú ọpọlọ wọn nígbà náà ni Àbíkẹ́ ń wá, òun àti Dayọ̀, ọkọ rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Làmídì dé. Ọkùnrin yìí kì í tètè gba ohun tí wọ́n bá tètè sọ fún un.

"Mùíbì ni," Dayọ̀ wí. "Òun ni gardien tó ń ṣọ́ ilé lóru, òun nìkan ló sùn síbí."

Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Mùíbì lọ́wọ́. "Ọ̀gá, oorun gbé mi lọ, mi ò purọ́. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

Lọ́sàn-án, wọ́n rí àwọn eku nínú ilé àkọ́ìparí kan nítòsí, ní méjì-méjì, akọ kan àti abo kan nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Àbíkẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Madame, kí lẹ rí?" Làmídì bi í.

"Kò sí èyí tó gé èkejì jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ya akọ kúrò lọ́dọ̀ abo, ká lè wo ohun tí ìyapa ń ṣe sí ọpọlọ wọn. Akọ tó bá ti láya máa ń bá abo mìíràn jà ni. Ẹni tó kó wọn ti dá olúkúlùkù padà fún aya rẹ̀."

"Ta ló mọ èwo ni ọkọ èwo?"

"Èmi." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi àti Dayọ̀."

"Mùíbì ńkọ́?"

"Ìta ló ń sùn, kì í wọ yàrá àyẹ̀wò. Lójú tiẹ̀, eku ni eku."

Làmídì yíjú sí Dayọ̀. "Monsieur, olè lásán ì bá da gbogbo wọn sínú àpò kan. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ló fara balẹ̀ so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà jà. Ọpọlọ yẹn dà?"

Dayọ̀ wolẹ̀. "Ó ti dé lábò kan ní Cotonou. Wọ́n ní àwọn á fi mí ṣe ọ̀gá lábò níbẹ̀. Orúkọ Àbíkẹ́ nìkan ni gbogbo ayé ń pè níbí."

Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Làmídì tú Mùíbì sílẹ̀, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà sí ọwọ́ tó tọ́ sí.

"Àánú eku ṣe ẹ́," Àbíkẹ́ wí, "o dá wọn padà fún ara wọn. Èmi ńkọ́, Dayọ̀?"