Àáró Ìdájí

"Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Àwọn àgbà Ìgbó-Ọrà ti pa òwe yìí títí ó fi dà bí orin lẹ́nu wọn, Tàófíìk náà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ títí ó fi sú u. Kò bìkítà láti mọ ohun tí wọ́n ń fi í sọ. Àfi ọdún tí koríko fẹ́ gbé ẹ̀gúsí Màmá Dámilọ́lá mì ni òwe náà wá jókòó síwájú rẹ̀, tó ní kí ó wo òun lójú.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tàófíìk àti Malachi ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọ́n forí korí lórí fóònù kan ṣoṣo. Ẹrẹ̀ oko tí wọ́n ro láàárọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Ṣé dátà rẹ ò ní tán báyìí?" Malachi bi í.

"Panu mọ́ jàre. Àdúrà ni kó o máa gbà."

Odi Méje ni wọ́n ń pe géèmù tí wọ́n ń gbá. Ogun ni: wàá kó ọmọ ogun rẹ jọ, wàá wó odi kìíní, wàá wó ìkejì, títí wàá fi dé ìkeje, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í dé. Àwọn ọmọ Ṣáínà ń gbá a, àwọn ọmọ Bràsíìlì ń gbá a, Tàófíìk ọmọ Bàbá Wàhábì, ọmọ àgbẹ̀ tó wà ní SS2, náà ń gbá a, ó sì ti dé odi kẹfà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà lókè òkun fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sójú fóònù gbogbo àwọn tó ń gbá a. Wọ́n ní káàkiri ayé, wọ́n ń lé àwọn àfín sẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn ìkà tilẹ̀ ń pa wọ́n lára, nítorí àwọ̀ tí Ọlọ́run fi dá wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní dákẹ́ mọ́. Ní aago márùn-ún Sátidé, ogun yóò dúró ní Odi Méje fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn àwọn àfín, kí ó dé akẹtẹ̀ kan tí etí rẹ̀ gbòòrò, irú èyí tí àfín ń dé kí oòrùn má baà jó o.

Aago márùn-ún lù. Lójijì, ariwo idà dákẹ́. Ẹṣin tó ń sáré dúró. Iná tó ń jó lórí odi kú wọ̀ọ̀. Ni ìmọ́lẹ̀ kékeré kan bá tàn lórí òkè lọ́hùn-ún: akẹtẹ̀ kan ni. Òmíràn tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí Malachi tó ṣẹ́jú, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti di akẹtẹ̀, ó pọ́n yòò bí ìgbà tí òdòdó bá bo pápá Ìbàràpá lẹ́yìn òjò. Ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè sí ẹnì kejì. Iye àwọn tó dúró ń gòkè lókè fóònù: mílíọ̀nù kan, méjì, mẹ́ta. Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́.

"Sùbúhánálláhì," Tàófíìk sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Irun ara rẹ̀ dìde.

"Jésù," Malachi náà mí kanlẹ̀. "Gbogbo ayé rèé."

Tàófíìk tẹ akẹtẹ̀ tirẹ̀ sórí ọmọ ogun rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òun àti ogunlọ́gọ̀ tí kò lè kà tán jọ di ọ̀run mú kó má wó. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ayé dìde fún ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, èmi náà wà níbẹ̀."

Bí ó ṣe ń ro èyí lọ́wọ́ ni òjìji kan ṣíji bo fóònù náà. Ó gbójú sókè. Akẹtẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, akẹtẹ̀ gidi, tí etí rẹ̀ kan ti ya.

Dámilọ́lá ni, ọmọ kíláàsì wọn, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwọn. Àfín ni. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; òun àti màmá rẹ̀ ló kù, pẹ̀lú oko ẹ̀gúsí kan lọ́nà Ìdèrè. Ẹ̀gúsí yẹn ni màmá rẹ̀ gbójú lé láti fi san owó ìdánwò àṣekágbá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Dámilọ́lá wá bá wọn nítorí oko náà. Tàófíìk àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin máa ń ṣe àáró ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí ọkọ́ márùn-ún bá wọ oko ti ẹnì kan lónìí, ọkọ́ márùn-ún náà ni yóò wọ oko ti ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi yí kárí. Àáró kò mọ owó, ọwọ́ ló mọ̀. Tàófíìk ni olórí wọn. Nígbà tí Dámilọ́lá ní kí wọ́n gba òun mọ́ra, ohun tó sọ fún un ni pé, "Ọ̀rẹ́, ó lófin. Ẹni tó bá jẹ àáró gbọ́dọ̀ san án. Oòrùn ò jẹ́ kó o lè dúró lóko. Ta ni yóò bá ọ san tiwa?"

Malachi, tí kì í jẹ́ kí àwàdà bọ́ sílẹ̀, ní, "Kí akẹtẹ̀ rẹ bá ọ ro ó!" Gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Akẹtẹ̀ yẹn náà rèé.

"Wá wò ó! Wá wò ó!" Tàófíìk fà á mọ́ra. "Nítorí tiyín ni o!"

Dámilọ́lá sún mọ́ fóònù títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án, nítorí ojú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jíjìn. "Gbogbo wọn dé akẹtẹ̀ nítorí irú mi?"

"Gbogbo wọn! Ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Èmi rèé, wò mí lẹ́sẹ̀ odi."

"Wọ́n pọ̀ o." Ó ń fi ìka kan àwọn akẹtẹ̀ náà lójú fóònù. "Ọlọ́run tóbi. Ṣé ẹnì kankan nínú wọn mọ̀ mí?"

Malachi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o wà ní Ìgbó-Ọrà! Níbo ni wọ́n ti máa mọ̀ ọ́?"

Dámilọ́lá mi orí. "Àwọn tí kò mọ̀ mí rèé lórí ìdúró nítorí mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ló jókòó."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Malachi. Tàófíìk wo bẹ́ǹṣì tó jókòó lé bí ẹni tí ẹ̀gún gún.

"Mo wá tọrọ ọkọ́ ni," Dámilọ́lá sọ. "Eèkù ọkọ́ tiwa ti ṣẹ́. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, èmi náà máa wọnú ẹ̀gúsí yẹn. Màmá mi nìkan ò lè dá a ro."

Ó yẹ kí Tàófíìk sọ pé, "Má lọ, à ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n Malachi ń wò ó, ìtìjú sì ń ṣe é láti yí òfin tí ẹnu ara rẹ̀ ṣe padà. Ó wọlé, ó gbé ọkọ́ jáde, ó nà án sí i. Dámilọ́lá dúpẹ́, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Dámilọ́lá kò wá sí ilé-ìwé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àyè rẹ̀ ṣófo síbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀sán rọlẹ̀, Tàófíìk gba ilé wọn lọ. Ó ń tan ara rẹ̀ pé ọkọ́ òun lòun ń lọ gbà.

Màmá Dámilọ́lá ló ṣílẹ̀kùn. Kò bínú, èyí ló sì burú jù. "Tàófíìk, ọ̀rẹ́ rẹ wà nínú ilé. Wọlé."

Dámilọ́lá dojúbolẹ̀ lórí ẹní. Wọn kò lè fi aṣọ bò ó. Oòrùn ọjọ́ Àìkú ti kọjá lára ẹ̀wù rẹ̀, ó ti bó ọrùn àti èjìká rẹ̀. Ìléròrò wú lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Òróró tí wọ́n fún wọn lọ́sibítù ń dán lára rẹ̀.

"Poro mẹ́rin ni mo rí ro," ó sọ láìgbórí sókè. "Ọkọ́ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Tàófíìk wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Fóònù wà lápò rẹ̀, ọmọ ogun rẹ̀ sì ṣì dé akẹtẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ́ tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni rere ló gbé e lọ sínú iná oòrùn. Ó fi ọkọ́ náà sílẹ̀, ó jáde.

Bàbá rẹ̀ ń ṣe àlùwàlá nígbà tó délé. Ó dúró kí ó kírun tán, ó kúnlẹ̀, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: géèmù, akẹtẹ̀, òfin àáró, ọkọ́.

"Bàbá mi, Malachi ní àwọn tó ṣe géèmù yẹn kàn ń polówó ọjà wọn ni."

"Èmi ò mọ ọkàn wọn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n," Bàbá Wàhábì dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá já irúgbìn rere sóko ẹni, a kì í bi í pé níbo ló ti gbé e, à ń gbìn ín ni. Ṣé ìwọ gbìn ín? O kàn gbé e sórí bí fìlà." Ó ká ẹní ìkírun rẹ̀. "Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé oòrùn ló ni àáró? Nígbà tí mo wà lọ́mọkùnrin, Bámiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ wà nínú àáró wa. Abẹ́ igi ló máa ń jókòó sí, á máa pọ́n ọkọ́, á máa ki eèkù. Ọkọ́ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Oko rẹ̀ la sì máa ń kọ́kọ́ ro. Bó bá jẹ́ oòrùn ló ń bá ọ̀rẹ́ yín jà, kí ló dé tí ẹ ò kúrò lọ́nà oòrùn?"

Tàófíìk gbójú sókè. Ohun tó rọrùn tó báyìí!

Lọ́jọ́ kejì, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lábẹ́ igi ilé-ìwé. Ó ní àáró kò ní bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án mọ́. Ìdájí ni, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà. Kí oòrùn tó mú, kí oníkálukú ti gbọ́kọ́ sílẹ̀. Oko Màmá Dámilọ́lá ni wọ́n ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìdájí!" Hàkímù, ọ̀kan nínú wọn, pariwo. "Èmi ò lè torí ẹnikẹ́ni ba oorun Sátidé mi jẹ́." Ó kúrò nínú àáró níjọ́ yẹn.

Malachi họ orí. "Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ akẹtẹ̀ yẹn," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ jí mi o. Bí mi ò bá jí, ẹ da omi sí mi lára."

Ní ọjọ́ Sátidé, ojú ọ̀run ṣì rí bí eérú nígbà tí ọkọ́ mẹ́rin dé oko lọ́nà Ìdèrè. Ìrì rin ṣòkòtò wọn dé orúnkún. Apá tó wà lẹ́bàá odò ti lọ, koríko ti gbé e mì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n kọjú sí èyí tó kù. Dámilọ́lá kò tíì lè gbé ọkọ́, ṣùgbọ́n ó wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ó ń tẹ̀ lé wọn, ó ń tún ìtàkùn ẹ̀gúsí tò sórí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí Màmá Dámilọ́lá gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, tó rí poro tó nà tọ̀ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, igbá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ohùn sókè nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ òwúrọ̀ náà, ó fi oríkì Tàófíìk pè é:

"Àjàní, ọmọ Bàbá Wàhábì,
Ọmọ a-jí-kí-oòrùn-tó-jí,
Ọmọ a-bá-ìrì-sọ̀rọ̀-kílẹ̀-tó-mọ́.
Ẹ ro koríko, ẹ ro ẹkún mi mọ́ ọn.
Ọwọ́ tó gbé ọkọ́ fún ọmọ opó,
Olúwa ò ní jẹ́ kó ṣófo láéláé."

Tàófíìk fi ọkọ́ tilẹ̀. Irun ara rẹ̀ tún dìde, bíi ti ọjọ́ tí mílíọ̀nù mẹ́ta akẹtẹ̀ tàn lórí òkè. Ṣùgbọ́n ti òní jìn ju tọjọ́ yẹn lọ. Níhìn-ín, kò sí ogunlọ́gọ̀. Ọmọ márùn-ún ni, àti ìyá kan, àti ewé ẹ̀gúsí tó ń mí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ lábẹ́ koríko. Ìgbà yẹn ni òwe bàbá rẹ̀ nípa ilé àti ẹ̀ṣọ́ wá yé e: ó dára kí gbogbo ayé dìde fún ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ìdúró tí kò bá dé oko aládùúgbò ẹni, orí fóònù ló kú sí. Ẹni tí a sì ti lé sẹ́yìn, àánú nìkan kọ́ ló ń wá. Ó ń wá àyè tirẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

Oòrùn yọ orí lẹ́yìn àpáta. Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀. Dámilọ́lá na ọwọ́ mú akẹtẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tàófíìk ti mú un, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé e lórí.

"Dámilọ́lá."

"Hìn-ín?"

"Sátidé tó ń bọ̀ kan oko bàbá mi. Ara rẹ á ti jinná. Jọ̀wọ́, wá bá mi ro ó."