Ọmọ Tí Màmá Onílé Kò Bí

Omi ọṣẹ ló kọ́kọ́ kí ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe náà káàbọ̀ sí ilé náà. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wọ àgbàlá, ó ń wá ẹni tó pè é pé fíríìjì òun kò tutù mọ́, ni omi bá ya lé e lórí láti òkè. Ó gbójú sókè. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ mọ́ irin bákónì, irun rẹ̀ gígùn ń kán tótó, ojú kan ṣoṣo ló fi ń wò ó nítorí ọṣẹ ti wọ èkejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀."

"Kò burú. Mo ti wẹ̀ láàárọ̀, àṣé kò mọ́ tó."

Ẹ̀rín gbé ọmọbìnrin náà. Ó sáré mú táwẹ́lì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé fíríìjì ló wá tún ṣe, ó pàtẹ́wọ́: "Oníyìnyín dé!"

"Ẹ ò tíì sọ ọmọ lórúkọ, ẹ ti ń sọ àgbàlagbà."

Kò tíì nujú tán tí ọwọ́ kan fi gba táwẹ́lì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Onílé ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. "Ọmọ mi, lọ gbẹ irun ẹ, kí òtútù má mú ọ." Ó yíjú sí ọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kíṣìnnì ni fíríìjì wà."

Ọmọbìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé tó wà ní òpin àdúgbò, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òbí rẹ̀ ti kú, àǹtí rẹ̀ kan nílùú mìíràn ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó kọ́kọ́ gba yàrá òkè, ibà dá a dùbúlẹ̀, Màmá Onílé sì ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu títí ara rẹ̀ fi yá. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ti kú," ló sọ fún un. "Ọlọ́run ló fi ọ́ dípò." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Tíṣà ní ọmọ òun. Ó sunkún, ó gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Onílé a jókòó sẹ́yìn rẹ̀, a máa ya irun rẹ̀. "Bí tọmọ mi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí." Nígbà tó yá, ó ń wọ yàrá rẹ̀ nígbà tí Tíṣà bá wà níbi iṣẹ́, ó ń tún aṣọ rẹ̀ tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà lajú, ó bá a tó jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn.

"Mò ń wò bóyá ò ń mí ni," Màmá Onílé sọ.

Oníyìnyín ní tiẹ̀ ti sọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé di ibùdó. Bí wọ́n bá ti jáde, a wà níbẹ̀ pẹ̀lú ike omi tútù.

"Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?" Tíṣà á bi í.

"Fíríìjì àyà mi ló bàjẹ́, kò tutù mọ́."

"Ṣebí ìwọ loníṣẹ́. Tún un ṣe."

"Apá mi ò ká a, olólùfẹ́. Ọwọ́ ẹ ni páàtì tó kù wà."

Nígbà tí wọ́n gbà láti fẹ́ra, wọ́n jọ pe àǹtí lórí fóònù, àǹtí súre fún wọn. Ó ku Màmá Onílé. "Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn," Tíṣà ní. "Ìyá ni wọ́n jẹ́ sí mi."

Màmá Onílé gbọ́, ó dì mọ́ ọn. "Ọmọ mi fẹ́ relé ọkọ! Jẹ́ ká mu tíì lé e." Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Tíṣà mu ún tán.

Nígbà tó jí, oòrùn ti ga. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé, kò rí fóònù rẹ̀. Ó fọwọ́ kan orí, awọ orí lásán ló bá. Màmá Onílé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń yà á jẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́ni tó máa wò ọ́ mọ́," ó ní. "Èmi nìkan ni."

Tíṣà figbe ta. Màmá Onílé sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí rédíò sókè.

Ó sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé Tíṣà ti rìnrìn àjò. Ó sọ fún Oníyìnyín lẹ́nu géètì pé, "Ó ti lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó ní kí o má wá òun mọ́." Ọ̀rọ̀ náà gún un wọnú eegun. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bínú sí Tíṣà, ó ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń bínú. Ìgbà tó yá ló pe àǹtí láti bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ mi kẹ̀?" àǹtí pariwo. "Èmi náà ń pè é, kò gbé e!"

Ó mú ọlọ́pàá wá. Màmá Onílé fún ọlọ́pàá ní àga àti omi. "Ọmọbìnrin náà ti kọ̀ ọ́, òun ni kò gbà." Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Arákùnrin, obìnrin pọ̀ láyé." Ó sì lọ.

Oníyìnyín jókòó sí òdìkejì títì, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún. Télọ̀ tó wà níbẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó bi í léèrè. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Màmá Onílé kú, ó ya ẹnu.

"Èwo ló kú? Ó sá lọ ni. Ó ń lọṣọ ní ilé ìfọṣọ ẹ̀yìn ọjà."

Oníyìnyín bá ọmọbìnrin Màmá Onílé náà níbẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò tíì ṣàlàyé tán tí obìnrin náà fi mi orí. "Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yẹn mọ́."

Oníyìnyín dọ̀bálẹ̀ sáàárín omi àti aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín."

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ṣé wọ́n máa ń ya irun fún un?"

"Ó sọ fún mi. Ó ní bí ìyá ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó tú gèlè rẹ̀. Àpá kan là á lórí já, irun ò hù níbẹ̀. "Wọ́n máa ń ya tèmi náà." Ó sì yọ wáyà áyọ́ọ̀nù lára ògiri.

Oníyìnyín fara pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí obìnrin náà kanlẹ̀kùn ilé Màmá Onílé. "Màmá, èmi ni."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Màmá Onílé na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú rẹ̀ wò. "Ọmọ mi ti kú."

"Mi ò kú. Mo sá fún yín ni."

"Mo ṣe kí ni fún ọ?"

Omi ń dà lójú ọmọ náà, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ òkè. Èmi rèé. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Màmá Onílé fa kọ́kọ́rọ́ yọ ní àyà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó di apá aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀, àní nígbà tí àwọn ará ilé ìwòsàn ọpọlọ wá mú un.

Oníyìnyín ló gba kọ́kọ́rọ́ sáré gòkè. Tíṣà ká jọ sí igun yàrá, ó ti gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Má wò mí!"

"Mi ò wò ọ́." Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì dìde títí ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀.

Àǹtí wá mú Tíṣà lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Oníyìnyín ń pè é lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Tèmi nìkan, ìgbà wo lo máa padà?"

Tíṣà dá a lóhùn. "Má pè mí ní tìẹ. Màmá náà pè mí ní tiwọn."

Ó dun Oníyìnyín, ṣùgbọ́n ó yé e. Látìgbà náà, "Ṣé o ti jẹun?" nìkan ló ń bi í. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó wá ẹlòmíràn. Òjò dé, òjò lọ. Ó ń pè, kò sì fa ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó rí òjìji lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ni, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dìde. Ọkàn rẹ̀ ti sáré lọ bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. "Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Rárá. Dúró síbẹ̀."

Tíṣà ń gbẹ́sẹ̀ kọjá láàárín wáyà àti páìpù títí ó fi dé iwájú rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà.

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, ẹnikẹ́ni ò fà mí. Ṣé o ṣì fẹ́ fẹ́ mi?"

"Mo ṣì fẹ́."

"Bí mo bá ń ta jí, tí mò ń ké ńkọ́?"

"A jọ máa jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ó wò ó lójú, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Parí iṣẹ́ ẹ," ó ní, "ká jọ máa lọ."