Àpò Tí Ó Gba Olè Lábẹ́ Àjà

Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Ìyá Aránṣọ, síbẹ̀ orí maṣíìnì rẹ̀ ti pòórá. Ẹsẹ̀ maṣíìnì nìkan ló kù láàárín yàrá, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń fì dirodiro. Ìyá Aránṣọ fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Maṣíìnì yìí ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà, òun náà sì ti ń fi í jẹun láti ogójì ọdún. Bí kò bá rí i mọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Àfi bí ó ṣe fò dìde. Kámẹ́rà! Oṣù kan kò tíì pé tí Oníkámẹ́rà, ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà aṣọ́lé ládùúgbò, fi ìṣó kan ọ̀kan mọ́ abẹ́ etí òrùlé rẹ̀, tí ó dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, tí iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó pè é lórí fóònù, ọkùnrin náà sì dé kíá, àkàbà léjìká, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó tẹ fóònù rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó mi orí.

"Háà, Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Olè yẹn ti gé wáyà. Kámẹ́rà ò ya nǹkan kan."

"Ibo ló ti gé e?"

"Inú àjà lọ́hùn-ún ni. Ẹ̀yin ò lè débẹ̀."

Ẹ ò rí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún! Tí Ìyá Aránṣọ bá rí òwú tó já, kò ní sinmi àfi tó bá tọ̀ ọ́ dé ìdí. Bí ọkùnrin náà ṣe lọ báyìí, ó yá àkàbà aládùúgbò, ó so ìró le, ó gun òkè. Àbúrò rẹ̀ ọlọ́pàá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sájẹ́ǹtì, ló di ìdí àkàbà mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni yín o!"

"Di àkàbà mú. Má ka ọjọ́ orí mi fún àdúgbò."

Ó fi ìka tọ wáyà náà lọ. Kò tíì tọ̀ ọ́ jìnnà tó fi dópin. Ẹnikẹ́ni kò gé e, ara ìṣó kan ni wọ́n so ó mọ́, wọ́n tiẹ̀ ta á ní kókó. Ó tú kámẹ́rà náà wò: bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, gílóòbù tíntín kan, àti àkísà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ kó má baà máa dún. Ó fọwọ́ ti pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pákó ṣí gbayawu. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Nígbà tó wọlé tó fi igi ti àjà yàrá, pákó kan níbẹ̀ náà ṣí.

"Sájẹ́ǹtì, ọjọ́ tó wá kàn án, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo máa ń jáde."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, tí mo bá fẹ́ lọ ra òwú. Mo tiẹ̀ tún fún un lómi tútù mu!"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e báyìí."

"Kó lóun ò mọ nǹkan kan, kó sì ti lọ tà á? Rárá o. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá."

Ó dá gbogbo nǹkan padà sí ààyè rẹ̀, ó tún pe Oníkámẹ́rà. "Ọmọ mi, wọ́n ti yá mi ní maṣíìnì mìíràn, tuntun ni o. Tí mo bá ti ọjà òwú dé lọ́jọ́bọ̀, wá bá mi tún wáyà yẹn ṣe."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì mi dáadáa!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ rán àpò tapólì ńlá kan, tó jẹ́ ìlọ́po méjì, tó sì ní okùn lẹ́nu. Kò wọn ọkùnrin náà. Ó ti fi ojú wọ̀n ọ́n nígbà tó ń mu omi. Wọ́n fi àpò náà kọ́ sábẹ́ pákó àjà tí kò ní ìṣó.

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà, ó kí gbogbo àdúgbò pé ó dàbọ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Òun àti Sájẹ́ǹtì lúgọ sẹ́yìn tábìlì ìgéṣọ. Kò pẹ́, àkàbà gbá ara ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni aládùúgbò kan kígbe níta.

"A dúpẹ́ o, mà!" ni olè dáhùn.

Pákó àjà ṣí. Ẹsẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ yọ, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún ti já ní àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà, gbìì! Ìyá Aránṣọ fa okùn.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan béèrè láti inú àpò.

"Kámẹ́rà ni," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Ẹ̀rín pa Sájẹ́ǹtì débi pé kò rí ọ̀bẹ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò. Fàà! Ẹsẹ̀ méjèèjì já síta, àpò já lára ìkọ́, ó sì bẹ́ sáré. Ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì, Sájẹ́ǹtì ń lé e, ó kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀! Ìyá Aránṣọ na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Àpò ṣubú yakata, ọ̀bẹ fò lọ, Sájẹ́ǹtì sì jókòó lé e lórí. Kó tó mí kanlẹ̀, Ìyá Aránṣọ ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú àpò padà, ó ń rán ibi tó ya.

"Maṣíìnì mi dà?"

"Maṣíìnì wo?"

"Sájẹ́ǹtì, fún mi ní òwú sí i. Mo fẹ́ rán òkè náà pa."

"Ó wà nílé mi! Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà! Òun àti tẹlifíṣọ̀n Tíṣà, àti fáànù Bàbá Oníbúrẹ́dì!"

"Kámẹ́rà mélòó lo kàn ládùúgbò yìí?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Mélòó ló ń ríran nínú wọn?"

Àpò ká kò.

"Kò sí, sà."

Kí ọjọ́ tó rọ̀, Oníkámẹ́rà ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, Tíṣà ń gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ sílé, orí maṣíìnì sì ti padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ dì mọ́ ọn, ó sunkún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ èwo ni kó ṣe. Ó da bọ́tìnì rẹ̀ sínú kámẹ́rà òfìfo náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ maṣíìnì. Ìbọ̀sẹ̀ tó já ló kọ́kọ́ rán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbọ̀sẹ̀ ta nìyẹn?"

"Ti olè ni. Ó bọ́ sínú àpò. Tí o bá ń padà lọ, bá mi gbé e fún un. Ojú mi ò lè rí nǹkan tó já kó mú un mọ́ra."