Ẹni Tó Ń Sùn ní Gbogbo Ilé

Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ. Tíṣà tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, kì í mutí, kì í sì í fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣeré.

Ìlú kékeré ni ìlú náà. Odò gba àárín rẹ̀ kọjá, afárá kan ṣoṣo ló so ìhà méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Tíṣà sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ń dá gbé. Nígbà tí ètò ìkànìyàn dé, Tíṣà ni ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó wà nílẹ̀: bí wọn ò bá pé ẹgbẹ̀rún kan, ìjọba máa ti ilé ìwòsàn pa. Ibẹ̀ ni ìyá Tíṣà ti ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ.

Ilé aránṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù ló ń tẹ iye èèyàn sí; ẹni tó bá kà, á fi íńkì sí i ní àtàǹpàkò, kí wọ́n má baà ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ku ẹnì kan," aránṣọ wí. "Ó ń sùn nínú yàrá."

"Ẹ jí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà dojú kọ ògiri, ó fi aṣọ bora dé orí. Gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Tíṣà fi íńkì sí i níbẹ̀. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kò gbọ́ èémí.

Nílé káfíńtà, ẹnì kan ń sùn nínú yàrá. Ó dojú kọ ògiri. Íńkì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò tíì gbẹ.

Ara fu Tíṣà. Ó ti pẹ́ nílé ìwé, ó mọ ojú ọmọ tó ń jí ìwé ẹlòmíì wò. Ó rò ó pé wọ́n ti rí géńdé kan tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sáré láti ilé dé ilé, kí iye wọn lè pọ̀. Inú bí i. Àwọn ará ilé ń fi òun ṣeré bojúbojú! Kò ka ọkùnrin náà.

Nílé onígbàjámọ̀, òun náà tún rèé. Yàrá ibẹ̀ ò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan ló ní. Tíṣà pe ọkùnrin alálùpùpù tó ń gbé e kiri.

"Jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí. Má gbójú kúrò lára ẹ̀."

"Ẹ máa lọ. Eṣinṣin ò ní kọjá."

Tíṣà kọjú sí onígbàjámọ̀. "Bàbá, ta nìyẹn?"

Bàbá ò wo ojú rẹ̀. "Òdìkejì odò ni gbogbo ìlú yìí wà tẹ́lẹ̀. Omi yalé lóru. Olúkúlùkù àwọn baba ńlá wa gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sá wá síbí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn pé, ẹrù ni wọ́n kà. Ẹrù pé. Wọ́n bá jókòó, wọ́n simi."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Ẹrù ni wọ́n kà, mo ní. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ṣì ń sùn." Ó mú abẹ rẹ̀, ó padà sídìí oníbàárà.

Tíṣà fẹsẹ̀ rin gba orí afárá. Oòrùn mú. Odò ń ṣàn, kò pariwo. Nílé àkọ́kọ́ lódìkejì afárá, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì fi ìka lé ètè.

"Ẹ rọra. Ó ń sùn."

Ògiri. Aṣọ. Gìgísẹ̀. Íńkì.

Tíṣà fi fóònù pe alálùpùpù. "Ṣé ó ti jáde?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń wò yìí."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Tíṣà, kí ló dé tóhùn yín ń gbọ̀n?"

Ó pa fóònù. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó bá lajú nìkan ló ń kà. Ohun tí kò yé òun, òun ò ní fi ránṣẹ́ síjọba.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ilé ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Iye tó wà lójú fóònù ò tíì súnmọ́ ẹgbẹ̀rún. Bí ó bá fi ọkùnrin yẹn kún ilé kọ̀ọ̀kan, á pé, á tún lé.

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ gbígbẹ.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Màámi. Èèyàn mélòó ló wà nílé yìí?"

"Méjì."

"Màámi! Ẹ̀yin náà?"

"Kì í yọ mí lẹ́nu. Mi ò sọ fún ẹ ni, kẹ́rù má baà bà ẹ́." Ìyá náà gbé aṣọ lé itan. "Tí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn pa, ta ni yóò máa gún mi lábẹ́rẹ́?"

Tíṣà wo apá ìyá rẹ̀, bó ti rù tó. Àánú ṣe é, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó tẹ fóònù: méjì.

"Mo ti kà á," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màá padà fi í kún ti àwọn ilé yòókù."

Bẹ́ẹ̀dì dún nínú yàrá. Ẹnì kan yí padà.

"Tíṣà," ohùn kan wí, pẹ̀lẹ́, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, "ẹ ò tíì béèrè orúkọ mi."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Kò sọ̀rọ̀ rí," ó wí. "Látìgbà tí mo ti délé yìí, kò sọ̀rọ̀ rí."

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Ohùn náà ń retí kí wọ́n béèrè.