Orin Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Tẹ̀ Já

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin atẹdùùrù kọ́kọ́ wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ìjà ló kọ́kọ́ bá ọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀ jà.

"Àga yín yìí ń ké bí ológbò. Ṣé òun náà fẹ́ bá mi kọrin ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àga tirẹ̀ fún un, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé sí wọn lára. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti dé ẹnu wọn.

Àṣé àìsàn ti ń jẹ ìka ọmọbìnrin náà. Orin ńlá ayé àtijọ́ tó wá gbà sílẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́ já. Tí ìbẹ̀rẹ̀ bá dùn, ìka á gan láàárín. Ìgbà mọ́kànlélógójì ló tẹ̀ ẹ́, ló bá gbórí lé dùùrù, ó ń sunkún.

"Ìfẹ́ mi, bá mi to àwọn ibi tó dùn pọ̀ di orin kan. Má sọ fún bàbá mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń kọ́ mi."

"Mo búra, ọkàn mi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó gé ohùn kan níbí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn lọ́hùn-ún, títí orin fi ń dún bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù!

Bàbá ọmọbìnrin náà, olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìntì, gbọ́ ọ, ó fò sókè.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó? Irú ọwọ́ yìí! Lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn, yóò tẹ̀ ẹ́!"

Ọmọbìnrin náà kò lè sọ pé rárá. Ó sá tọ olólùfẹ́ rẹ̀ lọ.

"Màá kú síbẹ̀," ló ń wí.

"Jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"Tó o bá sọ, má pè mí mọ́."

Ẹ̀rù àti àánú fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ọkùnrin náà sí méjì. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́ Jímọ̀, ó mú baba wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó jẹ́ kó gbọ́ orin náà bó ṣe rí kó tó gé e. Baba gbọ́ bí ìka ọmọ rẹ̀ ṣe ń kọsẹ̀, tó ń padà sẹ́yìn, tó tún ń kọsẹ̀.

"Pa ẹ̀rọ náà," ló wí, omi lójú. "Kò ní lọ mọ́."

Wọ́n gbójú sókè, ọmọbìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkàn mi, n ò fẹ́ kí ojú tì ọ́ lójú ayé."

"Mo mọ̀. O gbà mí là. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi ni gbogbo ayé tèmi."

Ó di baba rẹ̀ lápá mú, wọ́n ń lọ. Baba bojú wẹ̀yìn: "O ṣeun, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin kò bojú wẹ̀yìn.