Orí Kẹtàdínlógójì

Ooru ló mú wọn pàdé. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìwádìí ti kú láti àárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ṣèwádìí níbẹ̀ sì ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àkàbà wọlé. Tútù ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà."

"Mi ò tíì di dókítà. Ẹ ṣáà bá wa ṣe é, ooru fẹ́ pa wá."

Tútù yọjú wo kọ̀ǹpútà láti orí àkàbà. "Kí lẹ ń wò yẹn? Ó jọ àsálà."

"Inú orí èèyàn ni. Ibi tí kókó àrùn bá wà, mo máa ń fi ìlà pupa yí i ká, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ bó ṣe máa dá a mọ̀."

"Ṣé orí tó pé náà wúlò fún yín? Tèmi rèé, tuntun ni, mi ò lò ó rí."

Ẹ̀rín pa akẹ́kọ̀ọ́. Lóòótọ́ ni wọ́n nílò orí aláìlárùn tí wọn yóò fi wé ti àwọn aláìsàn. Wọ́n ya àwòrán orí Tútù, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n fún un ní nọ́ńbà bíi ti àwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ amúlétutù ti ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. "Gbogbo ìwé tí mo rán ọ lọ kà yìí, alákàbà lo fẹ́ fi gbé wálé?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ó ku ogójì orí aláìlárùn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò yẹ̀ wò. Tútù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó múra, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Dókítà mi, ṣe kíá jàre. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi."

Ta ló ń wá àrùn lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá? Kò sẹ́ni tó ń fara balẹ̀ wo àwọn yẹn ní yàrá náà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí àgbà nígbà tí olólùfẹ́ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ó kọ "kò sí" sí gbogbo wọn, ó fọwọ́ sí i, ó pa kọ̀ǹpútà. Kí ọjọ́ náà tó parí, òrùka ti wà ní ìka rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà pè é. "Ọ̀kan nínú àwọn orí aláìlárùn ń da kọ̀ǹpútà láàmú. Kẹtàdínlógójì. Tún un wò."

Ó ṣí i. Bó ṣe ń yí àwòrán náà, nǹkan funfun kan yọ lẹ́yìn etí òsì, ó tó hóró ẹ̀wà kan. Kókó ni. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ "kò sí".

"Yéè! Mo ti dá ọmọ ọlọ́mọ lóró."

Ó yí àwòrán síwájú. Lókè ojú ọ̀tún, eegun wọnú, ó ṣe kòtò kékeré.

Kòtò yẹn! Àná òde yìí ni ìka rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lókè ojú Tútù, tí Tútù ń sọ bí òun ṣe já bọ́ láti orí àkàbà nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Orí tirẹ̀ gan-an fò lọ. Ó wo òrùka, ó wo àwòrán, ó tún wo òrùka.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé fóònù. "Dókítà ló máa pè é lónìí. Kì í ṣe ẹnu rẹ ló ti máa gbọ́."

"Kí dókítà sọ ti kókó fún un, sà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi, èmi ni mo máa sọ ọ́."

Tútù ti gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ilé rẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Oṣù mẹ́rin?"

"Oṣù mẹ́rin. Mi ò wò ó. Mo kàn fọwọ́ sí i."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó o dúró dè mí."

Tútù fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. "Èmi ni mo ní kó o ṣe kíá." Ó kọjú sí ògiri. "Máa lọ sílé ná." Akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ òrùka, ó fi sórí tábìlì, ó bá ẹkún lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ta ló kan ilẹ̀kùn Tútù? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́! Ẹnu ya Tútù débi pé kò rántí kí i.

"Mo kọ̀ ọ́ nígbà tí ara rẹ le," ni ìyá wí. "Ní báyìí tí ọmọ mi ti ṣẹ̀ ọ́, mi ò lójú àtikọ̀ ọ́ mọ́. Dìde, ọmọ mi, ká lọ sí ọsibítù."

Wọ́n la orí, wọ́n yọ kókó. Ọpẹ́ ni pé kò yára dàgbà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n tún ya àwòrán. Dókítà wò ó, ó ní ó mọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí òun náà fojú ara òun rí i. Àwòrán ọgọ́sàn-án ni, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tútù wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bo àpá rẹ̀, òrùka tí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ gbé fìlà Tútù sórí itan.

Ìyá kò lè mú un mọ́ra. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣe kíá! Ó ti tó wákàtí méjì."

"Ẹ fi í sílẹ̀, màámi," ni Tútù wí. Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, má kánjú o. Mi ò lọ síbì kankan."