Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Ìràwọ̀ Márùn-ún

Kò sẹ́ni tó fara kan Ìgè kó tó ṣubú. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà lókèèrè, pápá gbẹ, kò sí òkúta, kò sí kòtò. Ó kàn fẹ́ yà sí ọ̀tún ni, ló bá wó lulẹ̀ bí àtíbàbà tí wọ́n yọ òpó rẹ̀.

Ìbídàpọ̀, kóòṣì àwọn agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Òkè-Ìmọ́lẹ̀, ti gbé fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò fọn ọ́n. Obìnrin náà ti rí irú ìṣubú yìí rí. Ó rí i lára Akínṣọlá, tó ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó rí i lára Ọdẹ́kúnlé, tó jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ arọ ló jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ jáde. Ìràwọ̀ márùn-ún ni àwọn méjèèjì gbé wọ yunifásítì. Ìràwọ̀ márùn-ún náà ni ti Ìgè.

"Kóòṣì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," Ìgè sọ láti ilẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín bo ìrora mọ́lẹ̀. "Ilẹ̀ ló fẹ́ kí mi."

"Ilẹ̀ tó bá ń kí èèyàn lójoojúmọ́, ó fẹ́ fi onítọ̀hún ṣọkọ ni," Bámgbálà dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, agbábọ́ọ̀lù tí kò ní ju ìràwọ̀ kan ṣoṣo lọ. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde.

Kí ẹni tí kò bá wọn gbé ayé ìgbà náà lè mọ ohun tí ìràwọ̀ jẹ́, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀. Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ni ìlú tí àwọn Yorùbá kọ́ sórí àwọn òkè lẹ́yìn tí òkun ti gbé àwọn ìlú etíkun mì. Oòrùn ni wọ́n fi ń dáná, bàlúù kékeré ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko, omi sì ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Àwọn ìlú òkè ti jagun lórí omi títí ó fi sú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n mú bọ́ọ̀lù. Ìlú tí yunifásítì rẹ̀ bá borí nínú ìdíje ọdún ni yóò kọ́kọ́ bu omi nínú Adágún Ńlá, kí àwọn yòókù tó bu tiwọn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá Awọnsẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ, tó sì ń sọ irú agbábọ́ọ̀lù tí yóò dà lọ́la. Ọmọ á sáré níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ á wo iṣan rẹ̀, á wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì tan ìràwọ̀ sí i láyà. Ẹni tó bá gba ẹyọ kan, kó lọ dúró sẹ́yìn. Ẹni tó bá gba márùn-ún, àwọn yunifásítì á máa jà lé e lórí bí ọmọdé ṣe ń jà lórí ẹran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé: nígbà tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ Awọnsẹ̀, àwọn àgbà ìlú ní ẹ̀rọ kan ò lè mọ ẹsẹ̀ ju àwọn lọ. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ọ ní bí ọmọ ṣe wáyé. Wọ́n ní ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé, èyí tí à ń pè ní Ìgè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kí ojú rẹ̀ tó rí ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ni ilẹ̀ tí ilé ẹ̀rọ dúró lé. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, Awọnsẹ̀ kì í rí Ìgè kó má fi ìràwọ̀ kún tirẹ̀. Ìgè sì wá ń pọ̀ nílùú. Láyé àtijọ́, odidi àdúgbò lè má ní ju ẹyọ kan lọ. Ní Òkè-Ìmọ́lẹ̀, bí o bá pe Ìgè lórí pápá, ìdajì àwọn agbábọ́ọ̀lù ni yóò dá ọ lóhùn. Àwọn ará ìlú ní Ọlọ́run ló fi ta àwọn lọ́rẹ.

Láńrewájú, dókítà eegun, gbé Ìgè sábẹ́ Awoegun, dígí ńlá tó ń fi inú ara hàn láìla á. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó pe Ìbídàpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kóòṣì, ẹ wo ibí. Ibi tí itan ti wọ ìbàdí yẹ kó jin bí inú odó, kí orí eegun jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ti Ìgè tẹ́ bí àwo. Gbogbo eré tó ti ń sá láti kékeré, orí àwo ló ti ń sá a."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láti inú oyún. Ọmọ tó bá fi ìdí jókòó sínú ìyá rẹ̀, bíi ti àwọn Ìgè, ìbàdí rẹ̀ lè má jin tó. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Bí wọ́n bá tètè yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkókó, bí wọ́n bá ń pọ̀n ọ́n dáadáa, kí itan rẹ̀ là gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá jin."

Ìbídàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò. "Dókítà, ta ló ń pọn ọmọ tí wọ́n ń retí ìràwọ̀ lórí rẹ̀? Èèwọ̀ ni. Wọ́n ní pípọ̀n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ń dì wọ́n gbọọrọ, bí ẹ̀kọ nínú ewé."

"Háà." Dókítà fọwọ́ bojú. "Ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ti yìn, kò sẹ́ni tó jẹ́ wá àìsàn níbẹ̀."

"Bó bá gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Sátidé ńkọ́?"

"Bó bá tún ṣubú, mi ò ní lè tò ó mọ́. Bó bá sinmi, tí mo ṣiṣẹ́ abẹ fún un, yóò rìn. Kò ní sáré ìdíje mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n yóò rìn." Dókítà wo ojú rẹ̀. "Nǹkan kan tún wà tí kò yé mi. A ní Ayíọlẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí, ẹ̀rọ tó ń yí ọmọ nínú oyún. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni kó máa yí àwọn tó fi ìdí jókòó, kí wọ́n lè fi orí wáyé. Nígbà tí a ní in, kí ló dé tí Ìgè fi ń pọ̀ dípò kó máa dín?"

Ìbídàpọ̀ mú ìbéèrè náà sọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú: Ìgè ò ní wọ pápá ní Sátidé, bí ọ̀run bá fẹ́ kó ya.

Ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, àwọn àgbà jókòó lápá kan, àwọn onímọ̀ jókòó lápá kejì. Olórí ìgbìmọ̀ ni Bàbá Tanímọ̀ọ́wò, bàbá tó bí Ìgè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà tán, ó yọ fìlà, ó tún un dé.

"Ẹ̀yin ọmọ ìwé," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹ̀yin kan náà lẹ tún gbé dígí mìíràn wá pé àwo ni. Èwo ni ká gbà nínú irọ́ yín méjèèjì?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Láńrewájú ní, "Bàbá, àwa kọ́ la kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ Ìgè."

"Ẹ wá sọ pé àwa ni!"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Gbọ̀ngàn dàrú. Ìbídàpọ̀ dìde, kò gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin bàbá, mo gbà yín láyè láti bú mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ márùn-ún tí ẹ ń kó fún mi, níbo ni wọ́n wà? Ọdún kìíní, ariwo. Ọdún kejì, ìrora. Ọdún kẹta, ọ̀pá. Àwọn ìràwọ̀ kan àti méjì tí ẹ ní kí n fi dí àyè ló ń gbá ife wá fún yín. Mo fẹ́ béèrè: ta ló ń bí gbogbo Ìgè yìí? Kí ni Ayíọlẹ̀ ń ṣe?"

Ẹnì kan wúkọ́. Àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pápá," Bàbá Tanímọ̀ọ́wò sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ìbídàpọ̀, ìlú ń fẹ́ omi. Bí ọmọ mi ò bá gbá bọ́ọ̀lù, ìwọ náà lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

"Òfin ìdíje ò jẹ́ kí ẹ gba fèrè lọ́wọ́ mi kó tó di Sátidé. Ní Sọ́ńdè, màá gbé e wá fún yín fúnra mi."

Nígbà tí Sátidé pé, pápá kún dẹ́nu. Àwọn aboyún wà lórí ìjókòó iwájú, níbi tí wọ́n ń fi wọ́n sí kí ọlẹ̀ inú wọn lè gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù. "Ìgè Àdùbí! Ìgè Àdùbí!" Ariwo náà ń mi ògiri yàrá ìmúra.

Ìgè ti wọ bàtà bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́rùn Bámgbálà.

"Kóòṣì, ìdajì àkọ́kọ́ péré. Mo bẹ̀ yín."

"Rárá."

"Ẹsẹ̀ mi ni, kì í ṣe tiyín!"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni. Fèrè mi ni."

Bámgbálà na ẹ̀wù náà mọ́ra. "Ìgè, mo mọ̀ pé mi ò tó ọ. Ṣùgbọ́n bí èmi bá ṣubú, ó kéré tán, ẹnì kan ló tì mí."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Ìgè nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Tanímọ̀ọ́wò wọlé, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Dìde. Wọ́n ń pè ọ́. Jẹ́ ká wo ẹni tí yóò dá wa dúró."

Ìbídàpọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò kúrò. Ìgè dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ìbàdí rẹ̀ sì já lábẹ́ rẹ̀ bí okùn. Bàbá rẹ̀ ló gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Ọmọ ńlá náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti eyín bọ ètè kó má baà ké.

"Bàbá," Ìbídàpọ̀ sọ jẹ́jẹ́, "ẹ dáhùn ìbéèrè tí mo bi yín."

Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá.

"Orí rẹ wà nísàlẹ̀," ó ní fún Ìgè. "Nínú oyún. Orí rẹ wà nísàlẹ̀, bó ṣe yẹ kó wà. Àwa la ní kí wọ́n fi Ayíọlẹ̀ yí ọ. Gbogbo àwa tí à ń jókòó nígbìmọ̀ la ṣe é. Àwọn tó rí wa ṣe é, àwọn náà ń ṣe é. Ìyá rẹ kò fẹ́. Mo ní ìràwọ̀ ni, mo ní ìlú ni. Ó gbà nítorí tèmi. Nígbà tó rọbí, ara rẹ jáde, orí rẹ há. Wọ́n fà ọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá."

"Ẹ sọ fún mi pé ibà ló pa á."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Lóde, wọ́n ń pe Ìgè, wọn ò dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wo òrùlé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ọmọdé ló ṣe dún.

"A jẹ́ pé Ìgè kọ́ ni mo jẹ́. Orúkọ wo ni ìyá mi fẹ́ sọ mí?"

"Kò dárúkọ kankan. A bi í títí. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ojú rẹ ná."

"Ṣé ó wò ó?"

Bàbá Tanímọ̀ọ́wò mi orí. "Ẹsẹ̀ rẹ ló rí."

Lẹ́yìn náà, Ìgè bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn bàtà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò yára, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó bọ́ wọn méjèèjì, ó sì na ọwọ́ sí Ìbídàpọ̀ kó gbé òun dìde.

"Ẹ jẹ́ ká jáde, Bàbá. Ẹ lọ sọ ọ́."

"Lónìí? Lójú gbogbo wọn?"

"Àwọn tó lóyún wà níbẹ̀."

Wọ́n jáde sórí pápá, Ìgè láàárín, Ìbídàpọ̀ lọ́tùn-ún, bàbá rẹ̀ lósì. Nígbà tí èrò rí ọmọ náà láìwọ bàtà, ariwo wọn fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Bámgbálà gbé gbohùngbohùn wá láti ọwọ́ àwọn onírédíò. Bàbá Tanímọ̀ọ́wò gbà á. Ó wo ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí, tí wọ́n ń ju ọwọ́ sí i pé kó má ṣe é. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí àwọn aboyún, ó sì kọ́kọ́ dárúkọ ìyàwó rẹ̀, Àṣàbí, orúkọ tí kò sẹ́ni tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.